Súwẹ́tà Tí Mo Fọ̀ fún Kọ́sítọ́ọ̀mù

Mo ti hùwà òmùgọ̀ láyé mi, ṣùgbọ́n èyí tí mo hù sí súwẹ́tà ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ló ga jù. Súwẹ́tà tuntun mẹ́ta, tó ti òkè òkun wá, ni mo fi bíléèdì gé lébẹ̀lì ọrùn wọn dànù. Mo fọ̀ wọ́n nínú omi gbígbóná, mo sì fi kùmọ̀ lù wọ́n. Lẹ́yìn náà ni mo kó wọn lọ fún kọ́sítọ́ọ̀mù pé kí wọ́n wá wò ó.

Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Ẹ jẹ́ kí n rojọ́ ẹnu mi.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń ta aṣọ ọmọdé ní Kemta. Súwẹ́tà ló kó gbogbo owó ọjà rẹ̀ lé lórí, pé kí ẹrù náà dé kí ọyẹ́ tó mú. Ẹrù dé lóòótọ́, ṣùgbọ́n ilé ìkẹ́rùsí ló wà, kọ́sítọ́ọ̀mù kò tíì yọ̀ǹda rẹ̀. Bí ọyẹ́ bá sì kọjá lọ, ta ni yóò ra súwẹ́tà nínú ooru Abẹ́òkúta? Òun fúnra rẹ̀ ì bá sáré ọ̀rọ̀ náà, àmọ́ ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ni, kò tíì pé ogójì ọjọ́. Ló bá kó súwẹ́tà mẹ́ta tí oníṣòwò òkè òkun ti kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ bí àpẹẹrẹ lé mi lọ́wọ́.

"Bàbá, ẹ bá mi kó o fún ejẹ́ǹtì tó ń bá mi gba ẹrù, ní Òkè-Ìléwó. Kọ́sítọ́ọ̀mù fẹ́ rí i, kí wọ́n lè mọ irú aṣọ tó jẹ́. Ẹ kàn kó o fún wọn ni o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe nǹkan kan sí i."

"Kí ni mo fẹ́ ṣe sí i?" ni mo dá a lóhùn, tìbínú-tìbínú.

Ẹ̀rù àwọn tó ń wọ aṣọ iṣẹ́ ìjọba ni wàhálà mi. Ẹ̀ṣọ́ tó ń ṣí géètì báǹkì, "Ọ̀gá mi" ni mo ń pè é. Bí wolé-wolé bá yà sí àdúgbò wa, èmi tí mo ti gbálẹ̀ mọ́ tónítóní, màá ti máa bẹ̀bẹ̀ kó tó bi mí ní nǹkan kan. Mo wo lébẹ̀lì náà, mo ní nǹkan tó máa tú wa fó rèé: bí wọ́n bá rí orúkọ ìlú òyìnbó níbẹ̀, wọn ó bu owó bodè lé e. Mo gé e. Ti fífọ̀ àti lílù, aládìrẹ ló bí mi. Nílé wa, a kì í gbé aṣọ síwájú èèyàn pàtàkì láìṣan án, kó lè rí i pé kì í ṣí, a ó sì lù ú kó dán. Aṣọ tí a ò bá lù, bí ọmọ tí a ò kọ́ ni.

Nígbà tí mo fi máa sá a sórí okùn, ọ̀kan ti fa apá ọ̀tún gùn dé orúnkún, òmíràn sì ti sún kì débi pé ọmọ ológbò nìkan ló lè gbà á.

Ejẹ́ǹtì, ọmọkùnrin kan tó já fáfá, ṣí àpò náà, ó pa á dé, ó tún un ṣí.

"Dádì, kí lẹ fi wọ́n ṣe?"

"Mo tún un ṣe ni."

"Lébẹ̀lì ńkọ́?"

"Mo ti bá wa bójú tó ìyẹn."

Ó di orí mú. "Dádì! Ibẹ̀ ni wọ́n kọ irú òwú rẹ̀ sí!"

Bí a ṣe ń lọ sí ọ́fíìsì kọ́sítọ́ọ̀mù ló ń ṣàlàyé. Ó ní ìjọba ní ìwé ńlá kan tí gbogbo aṣọ ní ìran nínú rẹ̀. Ṣé èyí tí wọ́n fi òwú kọ́ mọ́ra bí àwọ̀n ni, tàbí ti orí òfì? Ṣé irun àgùntàn ni, àbí òwú inú oko, àbí èyí tí wọ́n fi kẹ́míkà ṣe? Ṣé ti àgbà ni, àbí ti ìkókó? Ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ní iye owó bodè tirẹ̀. Mo ní ní Kemta, bí a bá fẹ́ fọmọ fọ́kọ, a kì í wádìí tó bẹ́ẹ̀. Èmi gan-an, bí wọ́n bá bi mí ní irú òwú tí mo jẹ́, n ò mọ̀.

Ọ̀gá tó máa wò ó, ọmọbìnrin tí kò ju àbíkẹ́yìn mi lọ ni. Bí mo ṣe rí yunifọ́ọ̀mù rẹ̀, mo ti dọ̀bálẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́ ìlú o, mà!"

"Háà, Bàbá, ẹ dìde, ẹ jọ̀ọ́." Ó na súwẹ́tà kan, ó yí inú rẹ̀ síta, ó wo ojú ihò tí bíléèdì mi dá sí ọrùn rẹ̀. Ojú rẹ̀ yí padà. "Òkìrìkà nìyí. Ẹ ò mọ̀ pé òfin ò gba kí wọ́n kó aṣọ àlòkù wọ̀lú?"

"Tuntun ni, mà!" ni ejẹ́ǹtì ké.

"Tuntun wo? Ta ló wọ̀ ọ́ di báyìí?"

"Kò sẹ́ni tó wọ̀ ọ́, mà," lèmi náà wí. "Mo kàn lù ú ni."

"Ẹ lù ú?"

"Kùmọ̀ ni, mà."

Mo rántí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi nílé, tòun ti ìkókó lọ́wọ́, tí wọ́n fẹ́ gba ẹrù rẹ̀ nítorí mi. Ẹnu mi bá tú: bíléèdì, omi gbígbóná, ìyá mi aládìrẹ, gbogbo rẹ̀ ni mo kà sílẹ̀. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, èmi ni kí ẹ tì mọ́lé, ẹ fi ẹrù ẹlẹ́rù sílẹ̀."

Ọmọbìnrin náà fọwọ́ bo ẹnu, èjìká rẹ̀ ń mì. Nígbà tó rẹ́rìn-ín tán, ejẹ́ǹtì ló kọjú sí.

"Ẹ lọ tú ìdì kan nílé ìkẹ́rùsí níṣojú wa, kí ẹ mú èyí tí ọwọ́ Bàbá kò tíì kàn wá. Ẹ ṣáà má jẹ́ kí Bàbá tẹ̀lé yín."