Bí A Ṣe Sọ Láàbù Wa Di Aláwọ̀ Ewé

Kí ìwé náà tó dé, a kò mọ̀ pé ìṣẹ́ tó ń ṣẹ́ wa ti di ọ̀làjú lókè òkun. Láàbù wa jẹ́ ilé kékeré kan tí yunifásítì ní sí ẹ̀gbẹ́ omi ní Àpápá, níbi tí a ti ń yẹ omi wò. Ìbọ̀wọ́ tí àwọn ẹlẹgbẹ́ wa nílùú òyìnbó ń lò lẹ́ẹ̀kan tí wọ́n ń jù nù, àwa ń fọ tiwa, a sì ń sá a sórí okùn lẹ́yìn ilé bí aṣọ ọmọ ìkókó. Ike ṣóńṣó tí a fi ń fa omi, a ń sè é bí ẹyin, a ń dá a padà sẹ́nu iṣẹ́. Ní ti pípa iná nígbà tí a kò bá lò ó, àwọn oníná ti ń bá wa pa á láti ọjọ́ pípẹ́. Wọn kì í tilẹ̀ bi wá bóyá a ń lò ó.

Ẹgbẹ́ kan lókè òkun ló kọ ìwé náà. Wọ́n ní láàbù ìwádìí ń jẹ iná jù, ó ń da ike nù jù, ó sì ń ba àyíká jẹ́. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Láàbù tó bá tún ìwà rẹ̀ ṣe yóò gba ìwé-ẹ̀rí aláwọ̀ ewé, àwọn fúnra wọn yóò sì wá wò ó. N kò bá wọn jà lórí èyí. Àwa ará ilé ni mo ń bá jà, èmi gan-an sì wà nínú wọn.

Ọ̀jọ̀gbọ́n tó jẹ́ ọ̀gá wa, tó tún ń bójú tó iṣẹ́ oyè ọ̀mọ̀wé tí mo ń ṣe, yan ìgbìmọ̀ lọ́jọ́ kejì. Ohun tí ìgbìmọ̀ náà kọ́kọ́ ṣe ni pé wọ́n ra ẹ̀rọ amúlétutù sí yàrá ìpàdé, kí wọ́n lè rí ibi tútù jókòó ronú lórí iná tí à ń fi ṣòfò. Èmi ni wọ́n fi ṣe akọ̀wé, nítorí pé mo lè kọ gẹ̀ẹ́sì tí kò nítumọ̀ fún ojú ewé mẹ́wàá láìsinmi.

Ó yẹ kí n sọ ohun tí mo ní nínú ilé náà. Ajégúnlẹ̀ ni wọ́n bí mi sí, nítòsí Boundary. Fún ọdún mẹ́ta, mo ń lọ láti ilé dé ilé lẹ́gbẹ̀ẹ́ kánààlì, mo ń bu omi kànga àwọn ènìyàn. Mo máa ń fi bébà asẹ́ sẹ́ omi náà kí kòkòrò àìfojúrí inú rẹ̀ lè dúró lórí bébà, n ó wá fi bébà sínú fírísà ńlá, èyí tó tutù ju yìnyín lọ fíìfíì, títí di ọjọ́ tí a ó ráyè fi ẹ̀rọ yẹ̀ wọ́n wò. Bí bébà náà bá yọ́, ohun tó wà lórí rẹ̀ á jẹrà, kò sí ohun tí ẹ̀rọ kankan lè rí níbẹ̀ mọ́.

Ìyá kan tó ń dín àkàrà, tí kànga wà lẹ́yìnkùlé rẹ̀, máa ń bi mí bóyá omi wọn ló ń fa inú rírun tó ń dààmú àwọn ọmọ ilé náà.

“Ẹ ní sùúrù, Mà. Èsì ń bọ̀.”

“Ó ti ń bọ̀ láti èṣí. Ṣé ẹsẹ̀ ló fi ń rìn ni?”

Ẹni tó ń gbé ẹ̀mí fírísà náà ró ni Bàbá Láàbù. Kò ní oyè kankan, àfi èyí tí a fún un yìí. Ó mọ̀ pé fírísà tí inú rẹ̀ ṣófo kì í pa òtútù mọ́. Nítorí náà, ó ṣa ike omi tí àwọn awakọ̀ tírélà ń jù sójú ọ̀nà Tin Can, ó fọ̀ wọ́n, ó bu omi sí wọn níwọ̀nba, ó sì tò wọ́n sí gbogbo àyè tó ṣẹ́kù nínú fírísà títí wọ́n fi dì gbagidi bí òkúta. Bí iná bá lọ, yóò fi okùn de ilẹ̀kùn fírísà, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ ṣí i. Òtútù ara ike wọ̀nyẹn yóò gbé wa di ọ̀sán kí a tó tan jẹnẹrétọ̀. Epo tí a kò sun nítorí wọn kì í ṣe kékeré.

Ìwé ìbéèrè àwọn òyìnbó wá ní orí kan lórí ike. Bí ike bá pọ̀, máàkì á dín. Orí kejì wà lórí èéfín. Lọ́jọ́ tí ìgbìmọ̀ ń yí láàbù po, Ọ̀jọ̀gbọ́n ṣí fírísà.

“Bàbá, kí ni ìdọ̀tí yìí ń ṣe níbí?”

“Òtútù ni, sà.”

“Ike ni èmi rí.”

“Ike ni aṣọ rẹ̀, sà. Òtútù ló wọ̀ ọ́.”

“Àlejò ń bọ̀, Bàbá. Ṣé àlàyé aṣọ lẹ máa ṣe fún wọn?”

Ìgbìmọ̀ rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Bàbá yíjú sí mi, ó ní, “Ọ̀mọ̀wé, bá mi sọ ọ́ fún wọn ní gẹ̀ẹ́sì.”

Mo mọ gẹ̀ẹ́sì rẹ̀. Mo ti yege ìdánwò lórí rẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n orí kẹta iṣẹ́ mi wà lórí tábìlì Ọ̀jọ̀gbọ́n, ó ń dúró de ìbuwọ́lù. Mo ní, “Bàbá, ẹ jẹ́ ká ṣe é bí ọ̀gá ṣe wí.” Èmi àti Bàbá la jọ kó àwọn ike náà jáde. Ìgbìmọ̀ ya fọ́tò àpò pàǹtí náà, èmi akọ̀wé sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé láàbù wa ti bọ́ lọ́wọ́ ike.

Ọ̀jọ̀gbọ́n ní kí n fọkàn balẹ̀, pé fírísà tuntun tí kì í jẹ iná ń bọ̀. Ó rán mi sí ajẹ́ńtì tó ń bá wa gbà á ní èbúté Tin Can. Mo bá a ní ibùdókọ̀ Coconut, ó ń jẹ ìrẹsì láàárín àwọn tírélà.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹrù yín ti wọlé.”

“Ìgbà wo ló máa jáde?”

“Mo ní ó ti wọlé, Ẹ̀gbọ́n. Ṣé mo dárúkọ jíjáde ni?”

Ó nawọ́ sí tírélà tó máa gbé e. Ó ti wà lórí ìlà fún ọjọ́ mẹ́ta, ó ń rú èéfín dúdú, ó ń dúró de ẹ̀rọ tó fẹ́ wá gba ayé là.

Ọjọ́ àbẹ̀wò pé, fírísà tuntun kò tíì jáde. Iná lọ ní aago mẹ́jọ àárọ̀. Bàbá mú kọ́kọ́rọ́ jẹnẹrétọ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

“Ṣé èéfín lẹ fẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ rí ni?”

“Sà, inú fírísà ti ṣófo. Kò ní lè dúró.”

“Wákàtí méjì péré ni, Bàbá.”

Tírélà dí ọ̀nà mọ́ àwọn àlejò, aago kan ọ̀sán ti kọjá kí wọ́n tó dé. Wọ́n gbọ́ ọ̀rọ̀ ìkíni, wọ́n gbọ́ ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́ fún ọ̀rọ̀ ìkíni. Lẹ́yìn èyí, Ọ̀jọ̀gbọ́n ṣí fírísà gbayawu kí wọ́n lè rí i pé kò sí ike níbẹ̀, ó sì dúró síbẹ̀ kí wọ́n yà á ní fọ́tò. Ọ̀kan nínú àwọn àlejò náà, obìnrin kan tó sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́, béèrè ohun tí a ń ṣe bí iná bá lọ. Ó ní òun ti rí ibi tí wọ́n ti ń kó omi dídì sínú ike kún fírísà, ó sì máa ń ṣiṣẹ́ dáadáa.

Ọ̀jọ̀gbọ́n ní, “A ti ń gbèrò rẹ̀.”

Mo kọ ọ́ sílẹ̀ nínú ìwé àkọsílẹ̀ ìpàdé. Bàbá wà lẹ́nu ọ̀nà, kò wo ẹnikẹ́ni.

Nígbà tí wọ́n lọ tán tí a tan jẹnẹrétọ̀, mo fa pẹpẹ tí àwọn bébà mi wà jáde. Omi ń kán lára rẹ̀. Àwọn àpò kéékèèké tí mo fi dì wọ́n ti rọ̀, orúkọ ilé tí mo kọ sára wọn ti ń ṣàn wọ ara wọn. Bàbá fi ìka kan tẹ ọ̀kan, ó nu ìka náà lára ṣòkòtò rẹ̀, ó sì lọ gbálẹ̀.

Ìwé-ẹ̀rí dé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, pẹ̀lú àwọn ìràwọ̀ tí wọ́n fi díwọ̀n iṣẹ́ wa lára rẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n pè mí sí ọ́fíìsì rẹ̀. Ó ní ìràwọ̀ kan ṣì wà tí a lè gbà kún tiwa bí a bá pa fírísà àtijọ́ pátápátá, ṣùgbọ́n ẹni tó ni ohun inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ ọ́ pé òun kò nílò rẹ̀ mọ́.

“Sà, iṣẹ́ ọdún mẹ́ta mi ni.”

“Mo mọ̀. Ó dùn mí. Ṣùgbọ́n ó ti bàjẹ́, àbí kò tíì bàjẹ́?”

“Ó ti bàjẹ́, sà.”

“Ṣé o wá nílò ohun tó ti bàjẹ́?”

Mo buwọ́ lù ú. Orí kẹta mi wà lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀, ó fà á jáde, ó buwọ́ lu òun náà, ó ní kí n tún omi náà bù, pé ìwádìí kì í pẹ́ jù.

Lọ́jọ́ Sátidé, mo gbé korobá mi lọ sọ́dọ̀ ìyá alákàrà. Mo sọ ọ́ fún un bó ṣe rí: pé iná lọ, pé ohun tí mo tọ́jú bàjẹ́, pé n kò lè sọ ohun tó wà nínú omi wọn. N kò sọ pé mo rẹ́rìn-ín.

Ó yí àkàrà padà nínú epo.

“Ọdún mẹ́ta mìíràn?”

“Ó lè tó bẹ́ẹ̀, Mà.”

“Lọ bù ú,” ó ní. “Àwa ń mu ún lọ ná.”