Bákan-náà àti ojú ìyá mi

Mi ò fẹ́ràn Bákan-náà rárá, ẹ jẹ́ kí n ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Òun ni ọ̀gá àwa tí a ń kọ ètò kọ̀ǹpútà fún ilé ìwòsàn, ìnagijẹ yẹn sì bá a mu. Tí o bá ní bẹ́ẹ̀dì yàtọ̀ sí oògùn, á ní, "Bákan náà ni! Ohun tó bá ti ní nọ́ńbà, tó ní ọjọ́, nǹkan ni. Òfin kan á kárí gbogbo wọn." Á wá rẹ́rìn-ín músẹ́, àfi bíi pé òun ló dá ayé.

Ká sòótọ́, ó mọṣẹ́. Ohun tí àwa mẹ́ta fi oṣù kan kọ, ó sọ ọ́ di ojú ewé méjì, ó bò ó mọ́lẹ̀, ó fi bọ́tìnnì kan ṣoṣo síta fún wa. "Ẹ ṣáà máa tẹ̀ ẹ́. Kí lẹ ń wá nínú ẹ̀?" Nígbà tó ní kí n so ìwé àwọn aláìsàn tó ń dúró de iṣẹ́ abẹ mọ́ ọn, mo so ó. Ó ti rẹ̀ mí, ilé ni mo fẹ́ lọ.

Ojú òsì ìyá mi ti lọ. Ọ̀tún ló kù, dókítà sì ní iṣẹ́ abẹ rẹ̀ kò gbọdọ̀ kọjá oṣù yìí. Nígbà tí ọjọ́ pé, mo fà á lọ́wọ́ wá sí ilé ìwòsàn wa. Nọ́ọ̀sì tẹ orúkọ rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà títí.

"Màmá, mi ò rí yín níbí o. Ẹlòmíràn ló wà láyè yín."

Mo sáré gun òkè lọ sí ọ́fíìsì wa, mo ṣí ohun tí Bákan-náà bò. Òfin oògùn ni! Nǹkan tí ẹnikẹ́ni ò bá fọwọ́ kàn fún oṣù mẹ́ta, kó o dànù. Ìyá mi ti dúró fún oṣù mẹ́rin.

"Ṣé ìyá mi lẹ pè ní oògùn tó bàjẹ́?" Mo lọgun mọ́ Bákan-náà níbi tó jókòó sí.

Kò tiẹ̀ dìde. "Sinmi ariwo, jàre. Òfin mi dáa. Ẹni tó so aláìsàn mọ́ ọn láì yẹ̀ ẹ́ wò ńkọ́?" Ó yí kọ̀ǹpútà rẹ̀ sí mi, ó nàka sí ìlà kan. Orúkọ mi ló wà níbẹ̀.

"Ọ̀dájú ni yín!" mo ní. Ó ti padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀.

Nísàlẹ̀, wọ́n ti fún ìyá mi lọ́jọ́ tuntun, oṣù márùn-ún sí i. Ó gbọ́ ẹsẹ̀ mi, ó kọjú síbi tí mi ò sí.

"Ọmọ mi, ṣé o rí ẹni tó yọ orúkọ mi?"

"Mo rí i, Màmá," mo ní, mo sì dì í lọ́wọ́ mú.