Ìyá Tí Wọ́n Ní Ọmọ Rẹ̀ Ń Sùn

Ẹni tó mọ̀ mí mọ̀ pé n kì í fi ọmọ búra. Àwọn obìnrin kan wà, bí ọbẹ̀ bá jóná báyìí, wọ́n á ti fi orí ọmọ búra pé ọwọ́ àwọn kọ́. Èmi kọ́. Ṣùgbọ́n Lékè ọmọ mi ló ń sùn lórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi bí mo ti ń kọ èyí, mo sì fi ọmú tí ó mu búra fún yín pé ohun tí mo fẹ́ sọ ṣẹlẹ̀. Ojú mi ló rí i. Kì í ṣe àlá, kì í ṣe ibà.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kó wà láàárín wa.

Mateníté, ilé ìgbẹ̀bí kékeré kan ni, níhìn-ín ní Ṣábẹ̀ẹ́, kò jìnnà sí ojú irin. N kò ní sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà yẹn ìjọba ti ní kí gbogbo wa máa pe ara wa ní kámáràdì. Dókítà jẹ́ kámáràdì, ẹni tó ń gbálẹ̀ jẹ́ kámáràdì. Rédíò ń pariwo pé kí a jáwọ́ nínú ọ̀rọ̀ àjẹ́ àti iwin, pé òun ló ń fa ìlú sẹ́yìn. Ta wá ni mo fẹ́ sọ fún?

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde kọ́lẹ́ẹ̀jì, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, mo sì ń kọ́ iṣẹ́ ìtọ́jú aláìsàn lọ́dọ̀ agbẹ̀bí àgbà tí gbogbo wa ń pè ní Madámù. Ó gbà kí n máa gbé Lékè wá síbi iṣẹ́. Yàrá tí a ń kó aṣọ sí ni mo máa ń tẹ́ ẹ sí, n ó sì máa sáré lọ fún un lọ́mú.

Madámù le. Ṣùgbọ́n ó mọ iṣẹ́, ẹ gbà mí gbọ́. Kì í ṣe abẹ́rẹ́ ló kọ́kọ́ kọ́ mi. Ìkíni ni.

"Kí i. Sọ orúkọ rẹ fún un. Sọ ohun tí o fẹ́ ṣe, kó gbà fún ọ kí o tó fọwọ́ kàn án. Èèyàn kì í ṣe iṣu tí a ń yí kiri lọ́jà."

"Tó bá dákú ńkọ́, mà?"

"Kí i."

"Tó bá ti kú ńkọ́?"

Ó wò mí tìyanu-tìyanu. "Kí i. Òun ló ṣì ni ara rẹ̀."

Ẹ̀kọ́ kejì rèé: "Ohun tí ẹnu rẹ kò bá lè sọ, dákẹ́. Má fi irọ́ dí àyè rẹ̀. Aláìsàn tí o bá parọ́ fún, o ti fi í sílẹ̀ lóun nìkan nìyẹn."

Ẹ má gbàgbé ọ̀rọ̀ yìí o.

Nígbà ọyẹ́, ara Lékè gbóná, mo sì dúró tì í nílé fún ọjọ́ mélòó kan. Ìrọ̀lẹ́ tí mo padà sẹ́nu iṣẹ́, eruku ti bo àwọn òkè wa, àwọn tí àlejò ń fi wé ọmú, débi pé a kò rí wọn mọ́. Ọkọ̀ ojú irin ṣẹ̀ṣẹ̀ fọn fèrè kọjá. Mo wọ yàrá àwọn abiyamọ láti tan fìtílà.

Obìnrin kan jókòó lórí ibùsùn tó gbẹ̀yìn, lẹ́bàá fèrèsé. Ó ń ká aṣọ ọmọ, ó ń tú u, ó tún ń ká a. Ìró rẹ̀ tutù níwájú níbi tí omi ọmú ti ń ṣàn sí i.

Mo ṣe bí wọ́n ti kọ́ mi. Mo kí i, mo sọ orúkọ mi, mo ní, "Mo fẹ́ fún yín ní ìró mìíràn, mà. Ṣé kí n mú un wá?"

Kò wo ojú mi. Ó sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, "Ọmọ mi ṣì ń sùn?"

N kò mọ ọmọ rẹ̀. Mo ní, "Ẹ jẹ́ kí n lọ béèrè, mà."

"Wọ́n ní ó ń sùn," ni ó wí. "Oorun náà pọ̀."

Madámù ń fọ ọwọ́ nígbà tí mo bá a. Mo béèrè ọmọ obìnrin tó wà lẹ́bàá fèrèsé.

Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. "Kámáràdì, ṣé o ti jẹun báyìí? Kò sẹ́ni níbẹ̀."

Mo ṣàpèjúwe rẹ̀. Ọṣẹ bọ́ lọ́wọ́ Madámù.

Ó ní orúkọ obìnrin náà ni Adúkẹ́, ará Kaboua. Ó bímọ nígbà tí mo wà nílé, ẹ̀jẹ̀ sì dà púpọ̀ débi pé ó dákú kó tó rí ohun tó bí. Obìnrin ni ọmọ náà. Kò pẹ́ láyé. Nígbà tí Adúkẹ́ lajú, ìyá ọkọ rẹ̀ ti kúnlẹ̀ níwájú Madámù. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n: níbí, a kì í túfọ̀ ọmọ fún ìyá tí kò tíì lè dá jókòó. Ìyá àgbà náà ń bẹ̀ ẹ́ pé, "Ẹ gbà mí, ìyàwó mi á bá a lọ. Ẹ ní ó ń sùn."

Madámù, tó kọ́ mi ní ẹ̀kọ́ kejì yẹn, gbà fún un.

Gbogbo ìgbà tí Adúkẹ́ bá béèrè, wọn á ní ó ń sùn. Ẹnu ìbéèrè yẹn ni Adúkẹ́ fúnra rẹ̀ kú sí. Wọ́n ti gbé òkú rẹ̀ lọ sí Kaboua kí n tó padà.

Mo sáré padà síbi ibùsùn. Wọ́n ti ká ẹní orí rẹ̀ kúrò. Ṣùgbọ́n pákó rẹ̀ tutù, ó sì ń rùn bí wàrà.

Ká ní ó parí síbẹ̀ ni.

Láti ìgbà náà, Lékè kò gba ọmú lọ́wọ́ mi mọ́. Ọmú mi yóò wú, yóò máa ro mí, òun yóò yíjú sí ògiri. Síbẹ̀ ikùn rẹ̀ yó ní gbogbo ìgbà tí mo bá wọ yàrá aṣọ, wàrà yóò sì wà létí ẹnu rẹ̀. Ó yó, ó sì ń rù. Ẹ ò rí nǹkan.

Ìyá ìbejì kan wà nínú yàrá àwọn abiyamọ, ibùsùn rẹ̀ kọjú sí ẹnu yàrá aṣọ, ará Boni, aláwàdà gidi. Mo bi í léèrè ẹni tó ń fún ọmọ mi lọ́mú.

"Ṣé kì í ṣe ara yín ni? Ó mà kù díẹ̀ kí n ní kó wá bá mi gbé ọ̀kan nínú tèmi!" Ó rẹ́rìn-ín. "Èyí tí ìró rẹ̀ máa ń tutù yẹn. Ó ní ọmọ òun ti jí."

Mo sáré tọ Madámù lọ.

Mo sọ fún un pé bí nǹkan bá ṣe ọmọ mi, irọ́ yẹn ló pa á. Kò bínú. Ó ní, "Jẹ́ ká lọ."

Nírọ̀lẹ́, a dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá aṣọ. Ó wà níbẹ̀. Ó jókòó sórí ẹní, ó gbé Lékè lé àyà, ó ń fọwọ́ gbá a nídìí jẹ́jẹ́ bí gbogbo wa ti máa ń ṣe. Ọmọ náà ń mu.

Mo fẹ́ já a gbà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti bímọ, ẹ mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n mo kúnlẹ̀, mo kí i, mo sọ orúkọ mi. Mo ní, "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbà mí láyè kí n gba ọmọ yìí lọ́wọ́ yín."

"Ọmọ mi ni."

"Ọkùnrin lèyí, mà. Obìnrin lẹ bí. Kò sùn. Ó ti kú."

Ó tú aṣọ Lékè, ó wò ó. Ó wò ó pẹ́. Kò pariwo. Ó gbé e lé mi lọ́wọ́, ó di orí rẹ̀ mú kí ó má baà yẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni ó kọjú sí Madámù. "Ta ló wẹ̀ ẹ́?"

"Èmi ni."

"Ṣé ó sunkún?"

"Ó sunkún díẹ̀." Madámù kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. "Mo gbé e sí àyà mi títí ó fi tutù."

Adúkẹ́ mi orí. Ó wá ní, "Kí ló dé tí ẹ ò gbé e sí àyà tèmi?"

Madámù la ẹnu. Ọ̀rọ̀ kankan kò jáde. Nígbà tí mo gbójú sókè, ẹní nìkan ló kù, tó tutù.

Lékè gba ọmú mi kí a tó kúrò nínú yàrá yẹn. Madámù bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n gbé òun lọ sí ìlú mìíràn, wọ́n sì gbà. Mo gbọ́ pé nírọ̀lẹ́, ó máa ń kúnlẹ̀ síbi ibùsùn tí kò sẹ́ni, tí yóò máa la ẹnu láìsọ̀rọ̀. N kò mọ̀ bóyá Adúkẹ́ ṣì ń dúró de ìdáhùn rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń tọ́jú aláìsàn, àti ẹ̀yin ìyá ọkọ tí ẹ ń fi ìfẹ́ kúnlẹ̀ bẹ̀bẹ̀: bí ọmọ bá kú, ẹ gbé e fún ìyá rẹ̀ kó rí i. Bí kò bá lè jókòó, ẹ gbé e tì í níbi tó dùbúlẹ̀ sí.

Ní tèmi, bí ẹnikẹ́ni bá kan ilẹ̀kùn mi nírọ̀lẹ́, tó béèrè Lékè, tí Lékè sì ń sùn, n kì í sọ bẹ́ẹ̀. Mo máa ń kọ́kọ́ jí i ni, kó sunkún, kí ẹni tó wà níta gbọ́.