Bàbá Má-Fọwọ́-Kàn-Án àti Àga Ìyàwó Rẹ̀

Ọjọ́ tí olùkọ́ eré ìdárayá ti Ìyá Aránṣọ tòun ti àga wọ inú ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ ni gbogbo àdúgbò mọ irú ọkọ tí obìnrin náà fẹ́. Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ kò bá ara mu. Àwọn kan ní dígí mẹ́ta ló fọ́. Àwọn kan ní onígbàjámọ̀ fẹsẹ̀ fẹ. Onígbàjámọ̀ fúnra rẹ̀, tó yẹ kó mọ̀, ní ìgò ìpara kan ló ṣubú, kò sì fọ́.

Ohun tí kò sí iyàn jíjà lórí rẹ̀ nìyí. Gbọ̀ngàn kan wà ní ìsàlẹ̀ òpópónà náà, níbi tí àwọn àgbà àti àwọn tí ẹsẹ̀ tàbí ojú ń yọ lẹ́nu ti máa ń pàdé, kí wọ́n lè na apá, kí wọ́n na ẹsẹ̀, kí wọ́n ta lúdò, kí wọ́n sì bá ara wọn tàkúrọ̀sọ. Ìyá Aránṣọ, tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti mú ní ẹ̀gbẹ́ òsì, kì í pa ibẹ̀ jẹ. Àga onítáyà tí ọkọ rẹ̀ ṣe fún un ló fi ń lọ, ọkọ yìí kan náà ló sì ń tì í. Bí ẹlòmíràn bá na ọwọ́ sí àga náà pẹ́nrẹ́n, Bàbá á ní, "Má fọwọ́ kàn án." Ó wí i títí tí àwọn èèyàn fi gbàgbé orúkọ rẹ̀, tí wọ́n ń pè é ní Bàbá Má-Fọwọ́-Kàn-Án.

Lọ́jọ́ tí à ń wí yìí, olùkọ́ eré ìdárayá ti gbọ̀ngàn náà pàdé wọn lọ́nà. Ọ̀dọ́kùnrin kan tí apá rẹ̀ ki pọ́pọ́ ni.

"Bàbá, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí n bá yín ti Ìyá dé ọ̀hún."

Bàbá wò ó láti òkè délẹ̀. Ojú rẹ̀ pẹ́ díẹ̀ lára apá yẹn. "Ó yá," ló wí. "Tì í."

Ó yẹ kí ìyẹn nìkan ti ba olùkọ́ lẹ́rù. Ó ti àga dé oríta, ó yí ọwọ́ àga náà sí òsì níbi tí gbọ̀ngàn wà, àga yà sí ọ̀tún. Ó fi agbára yí i sí òsì, àga náà fi agbára kọrí sí ọ̀tún. Ó la aṣọ ẹnu ọ̀nà onígbàjámọ̀ kọjá, ó sì dúró níwájú dígí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkùnrin kan tí wọ́n ti fá ìdajì orí rẹ̀. Onígbàjámọ̀ kò tilẹ̀ gbé abẹ kúrò lórí onítọ̀hún. "Ẹ káàbọ̀, Ìyá," ló wí. "Ọ̀gá yìí ló ṣáájú yín."

Nǹkan kan kò bàjẹ́ lára àga náà. Atúnkẹ̀kẹ́ṣe ni Bàbá, kò sì sí kẹ̀kẹ́ tó kú tí kò lè jí. Nígbà tí àìsàn dá ìyàwó rẹ̀ jókòó, ó tú kẹ̀kẹ́ méjì palẹ̀, ó wá àga ọ́fíìsì kan tí wọ́n ti sọ nù, ó jó irin mọ́ irin títí ó fi di àga onítáyà mẹ́ta. Irin gígùn kan ló so táyà iwájú mọ́ ọwọ́ tí wọ́n fi ń tì í lẹ́yìn. Òdì ló mọ̀ọ́mọ̀ so ó sí: ẹni tó bá fẹ́ yà sósì gbọ́dọ̀ yí ọwọ́ sọ́tùn-ún. Ó ti fi ara rẹ̀ kọ́ ọ títí ó fi mọ́ ọn lára. Kò kọ́ ẹlòmíràn.

"Bàbá, òdì lẹ so irin yìí sí o," olùkọ́ wí, nígbà tó rí èémí mí.

"Mi ò so ó lódì. Kọ́kọ́rọ́ ni mo fi sí i."

"Kọ́kọ́rọ́ kẹ̀? Sára àga?"

"Ṣé ilé tìrẹ kò ní kọ́kọ́rọ́ ni?"

Ìyá gbójú sókè láti orí ìjókòó rẹ̀. "Owú ni, ọmọ mi, má jẹ́ kó tàn ẹ́. Ó ti ń jẹ ẹ́ láti ìgbà tí eyín rẹ̀ ti pé. Eyín ti ń yọ báyìí, owú kò tán."

Owú náà kò mọ ààlà. Ó jowú dókítà tó di ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ mú. Ó ní kí ló dé tí kò dúró sẹ́nu ọ̀nà béèrè bí ara ṣe rí. Ó jowú rédíò: bí ẹni inú rẹ̀ bá pa Ìyá lẹ́rìn-ín, kíá ló máa yí i síbi ìròyìn. Ṣùgbọ́n ẹni tó jowú jù lọ ni Aláago, bàbá kan tó ti fi gbogbo ayé rẹ̀ tún aago ṣe kí ojú rẹ̀ tó fọ́, tó ń bá Ìyá ta lúdò ní gbọ̀ngàn.

"Ẹni tí kò ríran," Ìyá béèrè, "kí lẹ̀ ń jowú rẹ̀ sí?"

"Bí kò bá ríran, báwo ló ṣe mọ̀ pé ọ̀dọ̀ rẹ ló yẹ kóun jókòó sí?"

Bàbá kì í wọ gbọ̀ngàn. Ó ní ibi àwọn arúgbó ni, bẹ́ẹ̀ ó ju ìdajì wọn lọ lọ́jọ́ orí. Á ti ìyàwó rẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà, á ní òun ń lọ síbi iṣẹ́, á wá gba ẹ̀yìn ilé lọ lóṣòó sábẹ́ fèrèsé. Lọ́jọ́ kan, Aláago dá eré lúdò dúró, ó dẹ etí.

"Ìyá, ọkọ yín wà lábẹ́ fèrèsé."

"Báwo lẹ ṣe mọ̀?"

"Mo ń gbọ́ orúnkún wọn. Tọ̀tún ti ń fà sẹ́yìn. Ẹ ní kí wọ́n fi epo sí i."

Òótọ́ ni. Kò pẹ́ sígbà náà tí orúnkún Bàbá kọ iṣẹ́ pátápátá, tí kò lè dìde lórí ibùsùn. Olùkọ́ wá ti Ìyá, ó gbìyànjú láti máa ronú lódì, ó fi àga gbá òpó géètì. Ọmọbìnrin wọn gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó tì í wọ àárín òdòdó. Wọ́n ní Bàbá ń gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti orí ibùsùn, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Ọmọbìnrin náà ní kò rẹ́rìn-ín, ó ní ikọ́ ni. Kò sẹ́ni tó gbà á gbọ́.

Ṣùgbọ́n ọjọ́ ń gorí ọjọ́. Ìyá jókòó sójú fèrèsé, ó ń wo àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ń fi ọ̀pá rìn lọ sí gbọ̀ngàn, tí wọ́n ń juwọ́ sí i. Ọwọ́ òsì rẹ̀, tí lúdò títa ti ń ṣí díẹ̀díẹ̀, tún bẹ̀rẹ̀ sí í ká. Nọ́ọ̀sì tó wá wo orúnkún Bàbá rí ọwọ́ náà, ojú rẹ̀ yí padà.

"Bí Ìyá bá ń dá jókòó báyìí," ló wí, "ọwọ́ yìí á ká, kò sì ní ṣí mọ́."

Nígbà tí nọ́ọ̀sì lọ tán, Ìyá kò pariwo. "Bàbá ọmọ mi," ló wí, "ẹ ti ilẹ̀kùn mọ́ mi, ẹ wá gbé kọ́kọ́rọ́ sùn." Bàbá kọjú sí ògiri.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó ránṣẹ́ pe olùkọ́. "Gbé mi dé ìdí àga yẹn."

Inú olùkọ́ dùn. "Ẹ fẹ́ tún irin náà so? Kí n lè máa bá yín ti Ìyá?"

"Ìwọ?" Bàbá wí. "Bí èmi kò bá lè tì í, kò sẹ́ni tó máa tì í láyé yìí."

Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó gé ọwọ́ ẹ̀yìn àga náà kúrò pátápátá. Ó wá fi ṣéènì kẹ̀kẹ́ àti irin kan sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ìjókòó: bí Ìyá bá fà á, tó tì í, àga á lọ, bó bá yí i, àga á yà. Olùkọ́ ló bá a di irin mú. "Irin nìkan o," Bàbá ń wí fún un. "Má fọwọ́ kan ìjókòó." Owú tí àwọn ọkọ mìíràn fi ń ti obìnrin mọ́lé, òun ni Bàbá fi tú tirẹ̀ sílẹ̀.

Ìyá fa irin náà, àga sún. Ó jáde ní géètì, ó dé oríta, ó yà sósì. Bàbá di férémù ilẹ̀kùn mú, ó ń wò ó.

"Bàbá, ṣé inú yín dùn?" ọmọbìnrin rẹ̀ bi í.

"Ó ti pẹ́ jù níta."

"Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ni."

"Ta ló wá ń bá sọ̀rọ̀ níbẹ̀ yẹn?"

Nígbà tó yá, orúnkún náà gbà fún un láti rìn, bó bá ṣáà ti rí nǹkan dì mú. Ó kọ ọ̀pá. Ó ní arúgbó ló ń mú ọ̀pá. "Ẹ di ẹ̀yìn àga mi mú," Ìyá wí. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń fà á lọ fà á bọ̀ lójú gbogbo ayé, títí tó fi fà á wọ inú gbọ̀ngàn, níbi tí Bàbá ti ń na apá, tó ń na ẹsẹ̀, tó sì ń jókòó sáàárín ìyàwó rẹ̀ àti Aláago.

"Bàbá, mo gbọ́ pé Ìyá ń fà yín kiri," Aláago wí.

"Ta ló ń fa ta?" Bàbá ń mí hẹlẹ hẹlẹ. "Mò ń tì í ni."

Bàbá sùn lọ́sàn-án ọjọ́ kan, kò jí mọ́.

Láti ọjọ́ náà, Ìyá kò jáde. Eruku bo àga rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ọmọ rẹ̀ bẹ̀ ẹ́, olùkọ́ bẹ̀ ẹ́. Aláago gbé lúdò wá sílé, Ìyá ní ojú ń ro òun. "Tèmi ńkọ́?" Aláago wí, kò sì pa á lẹ́rìn-ín. Ọwọ́ òsì ti ń ká lọ.

Nígbà náà ni obìnrin kan tó ń tiro, tí Ìyá kò mọ̀ rí, wá kí i kú ọ̀fọ̀. Ó sunkún ju bó ṣe yẹ kí àlejò sun lọ. Ìyá ń wo ọ̀pá ọwọ́ rẹ̀. Ọ̀dà dúdú ara rẹ̀ ti ń ṣí, irin kẹ̀kẹ́ ń yọjú lábẹ́ rẹ̀.

"Níbo lẹ ti rí ọ̀pá yẹn?"

"Bàbá ló ṣe é fún mi. Ẹ má bínú, Ìyá. Wọ́n ní kí n kùn ún, kó lè dà bí èyí tí mo rà lọ́jà."

"Ó sọ fún mi pé ọwọ́ òun kò ṣe nǹkan kan fún obìnrin mìíràn rí."

"Wọ́n sọ fún mi pé ẹ máa wí bẹ́ẹ̀."

Ìyá gba ọ̀pá náà, ó yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún. "Jíjó irin rẹ̀ kò dán tó ti àga mi."

"Kò tilẹ̀ sún mọ́ ọn, Ìyá. Tàwọn tó wà ní gbọ̀ngàn gan-an dán ju tèmi lọ."

"Tàwọn wo?"

Obìnrin náà fọwọ́ bo ẹnu. Ẹ̀pa kò bóró mọ́. Ìyá ti ń wá ìborùn rẹ̀. "Ẹ gbé àga mi wá," ló wí.

Kò sẹ́ni tó na apá ní gbọ̀ngàn lọ́jọ́ náà. Ọ̀dọ̀ obìnrin kan dé òmíràn ni Ìyá ń wa àga rẹ̀ lọ, ó ń gba ọ̀pá wọn yẹ̀ wò. Ó fi ọwọ́ ọ̀tún gbé e, ó fi àtàǹpàkò òsì ra ojú ibi tí wọ́n ti jó o, ó ní, "Kò dán tó tèmi." Onítọ̀hún á ní bẹ́ẹ̀ ni.

"Kí ló sọ nígbà tó ń gbé e fún yín?" ló bi ọ̀kan nínú wọn.

"Wọ́n ní kí n máa wá síbí lójoojúmọ́, kí n má pa á jẹ. Wọ́n ní kí n máa jókòó sáàárín ẹ̀yin àti Aláago."

"Èmi náà," obìnrin kejì wí. "Ohun tí wọ́n sọ fún èmi náà nìyẹn."

Aláago ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ìyá wo àwọn obìnrin tó kún ibẹ̀ fọ́fọ́, ó rẹ́rìn-ín títí omijé fi dé, omijé sì ń bọ̀ nígbà tí ẹ̀rín ti tán. Wọ́n jókòó yí i ká, wọ́n ń sọ ọ́ fún un lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí wọ́n bá ti ń dákẹ́, á ní, "Kí ló tún sọ?"