Òkúta àbúrò mi ò ní kúrò létí omi

Wọ́n fẹ́ hú òkúta àbúrò mi lónìí, lójú wa báyìí!

Etí adágún ní Àbújá níbí ló wà, ibi tí omi ti gbé Dàpọ̀ lọ nígbà tó fẹ́ yọ ọmọ ọlọ́mọ. A kọ orúkọ rẹ̀ sí i, a sì kọ “Omi yìí jìn” sábẹ́ rẹ̀.

Èmi àti Màámi lọ nù ún láàárọ̀. A bá ọkùnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ta ẹja sísun níbẹ̀, ó ti ń fi ṣọ́bìrì gbẹ́ ìdí ẹ̀.

“Ẹ má bínú, mà. Òkúta yìí ń dẹ́rù ba àwọn kọ́sítọ́mà mi.”

Màámi ò pariwo. Wọ́n jókòó sórí òkúta náà, wọ́n na ẹsẹ̀.

“Jẹ́ kẹ́rù bà wọ́n. Ẹni tẹ́rù bá bà ò ní kó sómi. Bóo bá fẹ́ hú u, gbé èmi náà mọ́ ọn.”

Ó ju ṣọ́bìrì sílẹ̀. Mo mú un, mo kó yẹ̀pẹ̀ padà, mo fẹsẹ̀ kì í pinpin.

Ó ní òun máa kó àwọn aláṣẹ wá lọ́la. Kó kó wọn wá! A óò ti débẹ̀ ṣáájú wọn.

Ẹ̀yin ará Kubwa, ẹ̀yin ará Jahi, ta ló ń bá wa lọ?