Ọjọ́ Tí A Pín Agbo Ilé Wa sí Ìjọba Ìbílẹ̀ Mẹ́ta

Nígbà tí mo wà ní kékeré, tí apẹ̀rẹ̀ obì ṣì ga jù mí lọ, agbo ilé ìyá bàbá mi ní Ṣàgámù ni mo ń gbé. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí ẹ dàgbà sílé oníṣòwò obì, ẹ ó ti mọ ibi tí mo ń lọ kí n tó débẹ̀. Obì wà ní pálọ̀, obì wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, a rẹ obì sómi nínú agbada lẹ́yìnkùlé, ó ń dúró de èékánná wa. Àwa ọmọdé la máa ń bó awọ funfun ara rẹ̀ kúrò. Bí o bá rí ọmọ tí èékánná rẹ̀ pupa rúsúrúsú ládùúgbò wa, má wulẹ̀ bi í pé ọmọ ta ni.

Ìyá Àgbà ló ni agbo ilé náà, òun ló sì ni ẹnu ibẹ̀. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin kan ń gbé lọ́dọ̀ wa, wolé-wolé ni, ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ tó máa ń wọlé onílé láti wò bóyá wọ́n fọ ìkòkò omi. Bó bá yọjú sínú ṣáláńgá, á pẹ́ níbẹ̀ bí ẹni tó sọ òrùka nù sínú rẹ̀. Bàbá Wolé-wolé la máa ń pè é. Ìwọ̀nba ìwé díẹ̀ ni mo kà, ṣùgbọ́n gbogbo ohun tí mo mọ̀ nípa bí wọ́n ṣe ń pín ìpínlẹ̀, ẹnu rẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì kan, rédíò sọ pé ìjọba fẹ́ tún àwọn ìjọba ìbílẹ̀ pín. Ìyá Àgbà ní kí àbúrò òun wá sọ ìtumọ̀ rẹ̀. Bàbá Wolé-wolé fa ẹyọ ọwọ̀ kan yọ lára ìgbálẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ya ilẹ̀. Ó ní Ìpínlẹ̀ Ògùn rèé. Yewa, tí wọ́n ń pè ní Ẹ̀gbádò nígbà náà, wà lápá ìwọ̀ oòrùn. Ẹ̀gbá ló tẹ̀lé e. Ìjẹ̀bú wà lápá ìlà oòrùn. Àwa Rẹ́mọ wà láàárín Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú. Ó tún gé Rẹ́mọ sí wẹ́wẹ́: Ṣàgámù lọ́tọ̀, Ìkẹ́nnẹ́ àti Ìrolú lọ́tọ̀, Ìsarà àti Ipara lápá àríwá lọ́tọ̀. Ó ní a tún máa ń gé ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí wọ́ọ̀dù, kí ìjọba lè súnmọ́ ènìyàn.

Ìyá Àgbà wo ilẹ̀ títí. “Ipara tí mo ti ń ra obì, ṣé wọ́n fẹ́ gbé e kúrò níbi tó wà ni?”

“Rárá o, ẹ̀gbọ́n mi. Ìlà ni wọ́n fà.”

“Ìlà wo? Mo gba ibẹ̀ kọjá lọ́jọ́ ọjà, n kò rí ìlà kankan.”

Bàbá Wolé-wolé ju ẹyọ ọwọ̀ náà sílẹ̀, ó wọlé lọ sùn. Ṣùgbọ́n àwa ọmọdé ti gbọ́ ohun tí a fẹ́ gbọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ọjọ́ Sátidé fún yín ná. Ọjọ́ Sátidé ni Ìyá Àgbà máa ń se ìkọ́kọrẹ́. Á rin ewùrà lára irin tí wọ́n fi ìṣó dá lu, á bù ú sínú omi ata tó ń hó, pẹ̀lú epo pupa, ẹja gbígbẹ àti pọ̀nmọ́ wẹ́wẹ́. Òórùn rẹ̀ máa ń dé ilé kejì, ó máa ń mú kí àwọn aládùúgbò rántí pé ó ti pẹ́ tí wọ́n ti kí wa. Ṣùgbọ́n ti inú abọ́ kọ́ ni a ń jà sí. Ìdí ìkòkò ni, èyí tó ti gbẹ, tó ti jó díẹ̀, tí epo ti mu yó. Ìyá Àgbà kò jẹ́ kí a jà. Ó ní kí a máa gbà á kárí, ọmọ kan ní Sátidé kan. Lọ́sẹ̀ yẹn, èmi Rísì ló kàn. Mo ti ń ronú rẹ̀ láti ọjọ́ Ajé.

Nígbà tí ilẹ̀ Sátidé mọ́, Bọ̀ọ̀dá Múfú, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi, kó eérú nídìí ààrò, ó fi fa ìlà káàkiri àgbàlá. Ó ní a ti di ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́ta. Ta ló yàn án? Òun náà ló yan ara rẹ̀, torí òun ló dàgbà jù. Ó mú ilé ìdáná. Ó fún Sídí, àbúrò mi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pààrọ̀ eyín, ní kànga. Ó wá fún èmi ní ṣáláńgá àti ààtàn.

Mo ní n kò gbà.

“Gbà á,” ó ní, “ìlú rẹ ni gbogbo ayé yóò máa wá.”

Sídí pàtẹ́wọ́. “Alága Ṣáláńgá! Alága Ṣáláńgá!”

Mo fara mọ́ ọn, torí mo rò pé eré ni. Ìyá Àgbà se oúnjẹ tán, ó bu ti gbogbo wa, a jẹ ẹ́. Nígbà tó wá ń múra lọ sí Sábó láti rí oníbàárà rẹ̀, ó ké láti ẹnu ọ̀nà pé, “Rísì, ìdí ìkòkò rẹ wà lórí ààrò o!” Mo fò dìde. Bí mo ṣe dé ẹnu ilé ìdáná, Bọ̀ọ̀dá Múfú ti gbé odó dí ẹnu ọ̀nà, ó jókòó lé e.

“Ìwé ìrìnnà rẹ dà?”

“Ìwé kí ni? Ìkòkò mi ni mo wá gbé.”

“Ìkòkò rẹ wà ní ìjọba ìbílẹ̀ tèmi. Lọ bá mi bó obì tèmi tán ná, kí o tó wọlé.”

Obì tirẹ̀ kún agbada! Mo bẹ̀ ẹ́, mo bú u, mo tún bẹ̀ ẹ́. Ó ń wo òkè bí ọ̀gá. Mo padà sí ìlú mi, mo jókòó lórí bíríkì kan lẹ́bàá ṣáláńgá, òórùn tibẹ̀ ń bá òórùn ìkọ́kọrẹ́ jà nínú imú mi, omijé sì ń bọ̀.

Ohun tí alága ilé ìdáná kò rántí ni pé láti àárọ̀ ló ti ń fi iyọ̀ jẹ máńgòrò tí kò tíì pọ́n. Ìkọ́kọrẹ́ bá máńgòrò nínú, wọn kò gbọ́ ara wọn yé. Kò pẹ́ tí mo fi rí i tó ń bọ̀, tó ń rìn bí ẹni tó há ẹyin sáàárín itan. Mo dìde, mo mú ìgbálẹ̀, mo dúró lórí ìlà.

“Rísì, yàgò.”

“Ẹ káàbọ̀ sí ìlú wa, sà. Ìwé ìrìnnà yín dà?”

“Rísì, n kò ṣeré o!”

“Èmi náà kò ṣeré. Ìdí ìkòkò mi dà?”

Ó lọ́ ẹsẹ̀ kan mọ́ èkejì. “Màá fún ọ ní ìdajì.”

“Gbogbo rẹ̀ ni.”

“Ó dáa, ó dáa! Sídí! Gbé ìkòkò wá fún Alága!”

Sídí gbé ìkòkò, ó ń bọ̀ jẹ́jẹ́. Nígbà tó dé orí eérú tó pààlà láàárín àwa méjèèjì, ó dúró, ó jókòó, ó sì gbé ìkòkò sáàárín ẹsẹ̀ rẹ̀.

“Gbé e wá!” àwa méjèèjì pariwo.

“Orí ìlà ni mo wà,” Sídí ní. “Ibí kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni.” Ó ti ọwọ́ bọ inú ìkòkò.

Mo ju ìgbálẹ̀ sílẹ̀, mo sá tọ̀ ọ́. Bọ̀ọ̀dá Múfú rí ọ̀nà, òun náà sáré, ṣùgbọ́n ìjọba rẹ̀ ṣubú kí ó tó dé ẹnu ilẹ̀kùn ṣáláńgá. Nígbà tí mo fi gba ìkòkò, ó ń dán bí èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rà.

Bí Ìyá Àgbà ṣe bá wa nìyẹn: ẹnu Sídí dúdú, èmi ń sunkún, Bọ̀ọ̀dá Múfú dúró sí kọ̀rọ̀, kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni wo ẹ̀yìn òun.

“Ta ló pín ilé mi?”

Bàbá Wolé-wolé jáde, ó ń fi ọwọ́ bo ẹnu rẹ́rìn-ín. Ìyá Àgbà na ìgbálẹ̀ sí i. “Ìwọ lo kọ́ wọn. Gbá eérú yìí.”

“Ẹ̀gbọ́n mi, òṣìṣẹ́ ìjọba ni mí o.”

“Níta nìyẹn.”

Ó gbá a! Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta náà gbá a. Bọ̀ọ̀dá Múfú fọ ṣòkòtò, ó sì fọ ṣáláńgá. Sídí fọ ìkòkò. Wọ́n ní kí èmi kúnlẹ̀, kí n gbé ọwọ́ sókè, torí Ìyá Àgbà kò tíì gbọ́ ọ rí láyé rẹ̀ pé ènìyàn ti ṣáláńgá mọ́ ènìyàn. Kí wọ́n tó pe ìrun àsárì, kò sí ìjọba ìbílẹ̀ kankan mọ́ ní agbo ilé wa.

Ní Sátidé kejì, Ìyá Àgbà gbé ìkòkò síwájú mi, ó ní kí àwọn méjì yòókù jókòó tì mí. “Tìẹ ni. Ìwọ ni kí o fún wọn.” Mo fún Sídí ní ìwọ̀n èékánná ọmọ tuntun. Mo fún Bọ̀ọ̀dá Múfú náà ní tirẹ̀, ó sì ní, “Ẹ ṣé o, Alága.” Ìyókù? Mo jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ títí oòrùn fi wọ̀.

Lóde òní, bọ́kẹ́ẹ̀tì àti agbada oníke ni mò ń tà lẹ́bàá títì. Ìjọba ìbílẹ̀ ti di ogún ní ìpínlẹ̀ wa, wọ́n tún ń gé àwọn kan sí wẹ́wẹ́ sí i. Ìlà ti pọ̀, ṣùgbọ́n kò sí ìyá kan mọ́ tó lè na ìgbálẹ̀ sí òṣìṣẹ́ ìjọba. Kòtò kan wà níwájú ṣọ́ọ̀bù mi, níbi tí ìjọba ìbílẹ̀ méjì ti pàdé. N kò ní dárúkọ wọn, mo ṣì fẹ́ máa tajà. Mo lọ bá àwọn ti ọ̀tún, wọ́n ní ti òsì ni. Mo lọ bá àwọn ti òsì, wọ́n ní kí n padà sí ọ̀tún. Nígbà tí ọ̀kadà kan gbé ìyá kan àti tòmátì rẹ̀ sínú omi ibẹ̀, àwa ọlọ́jà ṣa tòmátì, a fa ìyá dìde, a sì kó òkúta àti àfọ́kù búlọ́ọ̀kù, a dí i fúnra wa.

Ọ̀sẹ̀ yẹn kò tíì parí tí àwọn ọ̀gá fi dé láti apá méjèèjì, wọ́n ń ya fọ́tò lórí rẹ̀, wọ́n ń bára wọn jiyàn pé ti àwọn ni ibẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi jókòó sílẹ̀. Oníbàárà mi kan bi mí pé kí ni wọ́n ń jà sí. Mo ní kòtò ni wọ́n ń du, báyìí tí kò sí kòtò níbẹ̀ mọ́.