Orúkọ Tí Mo Yọ Kúrò Nínú Orin

Nígbà tí mo wà ní kékeré, tí orí mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ lókè etí ẹkù, kò sí ibi tí mo fẹ́ràn láti wà ní Àyèká ju ẹ̀yìnkùlé aládùúgbò wa lọ. Ẹ̀yin ọmọ òde òní tó ń ra epo nínú ike, ẹ ó bi mí pé kí ni ẹkù. Kòtò ni, wọ́n fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ẹ nínú. Ibẹ̀ ni wọ́n ń da ẹyìn tí wọ́n ti sè sí, tí wọ́n á bọ́ sínú rẹ̀, tí wọ́n á máa fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ títí ara ẹyìn yóò fi bọ́ kúrò lára èkùrọ́, kí wọ́n tó da omi sí i kí epo lè léfòó. Bí èèyàn bá jáde níbẹ̀, títí dé orúnkún ló máa pọ́n. Ìyá mi a máa pariwo lé mi lórí nítorí aṣọ, ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ ọjọ́ kejì bá mọ́, mo tún ti wà níbẹ̀.

Ìyá Elépo ni gbogbo àdúgbò ń pe obìnrin tó ni ẹkù náà. Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ èyí dáadáa. Gbogbo ìyá tó yí wa ká ló ń jẹ́ orúkọ ọmọ wọn, ìyá lágbájá, ìyá tàmẹ̀dò. Òun nìkan ló ń jẹ́ orúkọ ọjà tó ń tà. Kì í ṣe pé kò bí rí. Ó bí ọmọkùnrin kan nígbà tó wà nílé ọkọ ní Akótógbó. Àìsàn ọjọ́ mẹ́ta ló mú ọmọ náà lọ nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sáré kiri ilé, kò sì pẹ́ tí ọkọ náà fi tẹ̀ lé e, ni obìnrin yìí bá kó ẹrù rẹ̀ wá sọ́dọ̀ wa. Ẹ mọ àṣà wa. A kì í pe orúkọ ọmọ tó kú sétí ìyá rẹ̀. Wọ́n á ní kó gbé e kúrò lọ́kàn, kó má sunkún jù, kí Ọlọ́run lè fi òmíràn rọ́pò. Òmíràn kò dé. Kò sí ẹnìkan ní Àyèká tó mọ orúkọ ọmọ náà, kò sì sẹ́ni tó jẹ́ bèèrè.

Èmi mọ̀ ọ́n. Inú ẹkù ni mo ti gbọ́ ọ. Ìyá Elépo kì í kọrin níbòmíràn. Ní ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun tó ń lọ, níbi tí wọ́n ti ń pàtẹ́wọ́ tí wọ́n ń fò sókè, ẹnu rẹ̀ kàn máa ń mì ni. Ṣùgbọ́n bó bá ti bọ́ sínú ẹyìn, tó di igi tí wọ́n fi dábùú òkè ẹkù mú, á bẹ̀rẹ̀ orin kan pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ní èdè Ìkálẹ̀ wa, ẹsẹ̀ rẹ̀ ni á sì máa lù sí i. Orin náà kò gùn. Ó ń bẹ àwọn èèyàn pé kí wọ́n bá òun pe ọmọ òun wálé, pé ilẹ̀ ń ṣú, oúnjẹ ti jinná. Á wá pe orúkọ ọmọ náà, orúkọ gígùn tí ìyá máa ń pe ọmọ nígbà tí inú rẹ̀ bá ń dùn sí i, á fà á títí èémí rẹ̀ yóò fi tán. Èmi á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, a ó jọ máa tẹ ẹyìn lọ. Kò lé mi rí. Lójú mi báyìí, ó jọ pé ó fẹ́ kí ẹnìkan ṣáà máa gbọ́.

Nígbà tí ogun abẹ́lé ń jà, mo ti di ọmọge, mo ti wà ní ilé ẹ̀kọ́ gírámà ní Òkìtìpupa. Mo mọ dò-rè-mí bí ẹní mowó, mo sì mọ̀ pé mo mọ̀ ọ́n, èyí tó burú jù. Tíṣà kan ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti yunifásítì, ọ̀dọ́mọkùnrin, kì í ṣe ọmọ Ìkálẹ̀. Ó ní a ó ṣe eré kan tí àwọn ará Gíríìkì ti ń ṣe láti ayébáyé. Ogun ti fọ́ ìlú nínú eré náà, àwọn ọ̀tá ti pa ọmọ ọba tó kéré jọjọ, àwọn obìnrin ìlú wá yí ìyá rẹ̀ ká, wọ́n ń bá a sunkún. Tíṣà ní àwọn Gíríìkì kì í fi ẹnu lásán sun ẹkún yẹn, orin ni wọ́n ń fi sun ún, wọ́n sì ń gbẹ́sẹ̀ sí i. Ó ní ọ̀rọ̀ orin náà wà nínú ìwé títí dòní, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó mọ bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ mọ́. Ó di dandan kí òun ṣe òmíràn sí i.

Ọ̀sẹ̀ méjì ló fi jókòó ti dùùrù. Gbogbo èyí tó bá ti ṣe, á dún bí orin ìkórè. Àwa ọmọbìnrin á fi ìwé bojú, a ó máa rẹ́rìn-ín, àfi bí ẹni pé a fẹ́ gbé iṣu lọ síwájú pẹpẹ. Òun náà bá wa rẹ́rìn-ín níkẹyìn. Ó ní kí gbogbo wa lọ wá orin wá. Ẹni tí orin rẹ̀ bá bá àwọn ìyá náà mu ni yóò jẹ́ olórí àwọn tó ń sunkún, òun ni yóò dúró síwájú.

Mo fẹ́ dúró síwájú. Mi ò ní parọ́ fún yín. Ọmọ àgbẹ̀ ni mí, bàtà kan ṣoṣo ni mo ní, àwọn ọmọ tíṣà àti ọmọ oníṣòwò ló sì máa ń dúró síwájú nínú ohun gbogbo. Mo jókòó sábẹ́ igi màngòrò, mo fi dò-rè-mí kọ orin Ìyá Elépo sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Nígbà tí mo dé ibi orúkọ, ọwọ́ mi dúró. Mo ní bí mo bá kọ ọ́ síbẹ̀, wọ́n á bi mí pé ọmọ ta nìyẹn. Mo yọ ọ́, mo fi orúkọ ọmọ ọba inú eré Gíríìkì náà síbẹ̀. Kò tilẹ̀ fẹ́ gba ibẹ̀, àfi ìgbà tí mo fi agídí fà á.

Tíṣà ní kí n kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn náà ó pa dùùrù dé.

"Ta ló kọ orin yìí?"

"Èmi ni, sà."

Ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré. Bí mo bá ní aládùúgbò wa kan ló ni ín, kí ni ì bá ṣe mí? Ó ṣeé ṣe kí n ṣì dúró síwájú náà. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n ránṣẹ́ pe ìyá náà wá, kí ó wá kọ́ wa, kí wọ́n fún un ní àga. Mi ò sọ ọ́. Nígbà tí tíṣà tún ń wá bí àwọn obìnrin náà yóò ṣe máa gbẹ́sẹ̀, mo fi bí a ṣe ń tẹ ẹyìn hàn án, ó ní níbo ni mo ti rí i, mo ní ó kàn wá sọ́kàn mi ni. Irọ́ kejì kò nira rárá.

Odidi sáà kan la fi kọ́ ọ. Tíṣà fi ohùn kejì àti ohùn kẹta sábẹ́ ohùn mi, ó ní kí dùùrù dákẹ́ pátápátá, kó jẹ́ ẹsẹ̀ wa lórí pákó nìkan ni yóò máa dún. Mi ò ní tàn yín, ó dára. Ojoojúmọ́ ni mò ń pe ọmọ Gíríìkì yẹn, láàárọ̀ lábẹ́ igi, nírọ̀lẹ́ nínú gbọ̀ngàn, nígbà tí mò ń fọ aṣọ.

Ìyá mi ló mú Ìyá Elépo wá síbi eré náà. Èmi ò pè é. Mo yọjú láti ẹ̀yìn aṣọ ìkélé, mo rí i ní ìlà kẹta, nínú aṣọ funfun ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ tó fọ̀ mọ́ tónítóní, púpurú tí a fi ẹ̀gẹ́ ṣe àti ẹja tó gbé wá fún mi wà lórí itan rẹ̀. Mo gbàdúrà, ẹ gbọ́ àdúrà olè, pé kí Ọlọ́run má jẹ́ kó dá a mọ̀.

A bọ́ síta, a bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀. Kí n tó la ẹnu, mo rí i pé ẹsẹ̀ Ìyá Elépo ti ń lọ nílẹ̀ pẹ̀lú tiwa. Òun fúnra rẹ̀ kò mọ̀. Mo kọ ọ́ pé kí wọ́n bá mi pè é wálé, ilẹ̀ ń ṣú, oúnjẹ ti jinná. Àwọn tí ọmọ wọn wà lójú ogun ti bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún nínú gbọ̀ngàn. Ìyá Elépo kò sunkún, ó na ọrùn, ó ń dúró de ibi orúkọ. Mo pe ọmọ ọba Gíríìkì. Ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró, kò sì gbé e mọ́ títí eré fi parí.

Pìrìnsípà bèèrè ẹni tó ṣe orin náà, tíṣà na ọwọ́ mi sókè, gbogbo gbọ̀ngàn dìde, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Àwọn àgbà ní ẹni tó jí kàkàkí ọba, níbo ni yóò ti fọn ọ́n? Èmi jí i, mo fọn ọ́n lójú ẹni tó ni ín, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi.

Ìyá Elépo dúró dè mí níta. Ó gbé púpurú náà lé mi lọ́wọ́, ó ní mo ṣeun, ohùn mi dùn. Ó wá bi mí:

"Ọmọ ta lẹ̀ ń pè nínú orin yẹn?"

Mo wolẹ̀. "Ọmọ ọba kan nínú ìtàn àwọn Gíríìkì ni, Ìyá."

"Ṣé kékeré lòun náà kú?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá."

"Kí Ọlọ́run tu ìyá rẹ̀ nínú," ni ó wí. Ó gbá mi léjìká pẹ́pẹ́, ó tẹ̀ lé ìyá mi, wọ́n lọ.

Ká ní ó bú mi ni. Ká ní ó gbá mi létí lójú gbogbo ayé, ara ì bá tù mí. Nígbà ìsinmi, mo lọ bá a nínú ẹkù, mo bọ́ sínú ẹyìn bíi tàtijọ́. A tẹ̀ ẹ́ títí, kò gbin. Mo ní kó kọrin. Kò bínú, ó kàn ní orin ọ̀hún ti di tiyín. Ibẹ̀ ló yẹ kí n ti kúnlẹ̀ sínú epo kí n bẹ̀ ẹ́. Mo wò ó, mo ń tẹ ẹyìn. Mo ní n ó bẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ mìíràn.

Ọjọ́ mìíràn kò dé. Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn tí ogun parí, tí mo ti ń ṣe tíṣà ní Ìjù-Odò, wọ́n ránṣẹ́ sí mi pé Ìyá Elépo ti kú. Àwọn ìjọ rẹ̀ ló sin ín. Wòlíì gbàdúrà tán létí sàárè, ó ní nígbà tí ìyá kò ní ọmọ láyé, ta ni yóò sọ̀rọ̀ kan fún un? Ìyá mi tì mí síwájú.

"Ìwọ lo máa ń bá a tẹ ẹyìn. Kọ orin rẹ̀ fún un kó gbọ́."

Mo kọ ọ́. Ẹ bá mi pè é wálé, ilẹ̀ ń ṣú, oúnjẹ ti jinná. Mo dé ibi orúkọ, mo la ẹnu, ọmọ ọba Gíríìkì ló jáde. Lórí sàárè rẹ̀! Mo tún un bẹ̀rẹ̀, òun náà ló tún jáde. Mo wá ti ọmọ rẹ̀ lórí ahọ́n mi, mi ò rí i. Mo bú sẹ́kún, àwọn èèyàn rò pé ọ̀fọ̀ ló ń dùn mí, wọ́n dì mí mú, wọ́n ń rẹ̀ mí lẹ́kún. Àbí ẹ ò rí i, èmi tí mo jalè ni wọ́n tún ń bẹ̀.

Mo bi àbúrò ọkọ rẹ̀ tó wá láti Akótógbó. Ó ní inú ìyá wọn lòun wà nígbà tí ọmọ náà kú, wọn ò sì pe orúkọ náà nínú ilé rí. Mo lọ sí Akótógbó fúnra mi, àwọn àgbà ibẹ̀ mi orí. Mo mọ̀ pé Olú ló bẹ̀rẹ̀ orúkọ náà. Ta ni kì í jẹ́ Olú nílẹ̀ Ìkálẹ̀?

Ayé ti yí padà. Ẹ̀rọ ló ń tẹ ẹyìn báyìí, koríko ti bo ẹkù Ìyá Elépo. Ẹ̀yin ọmọ ń fi fóònù gba ohùn gbogbo ẹni tó bá húkọ́, ẹ sì ń sọ pé kò sóhun tó lè sọnù mọ́. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe fóònù ni mo ṣaláìní nígbà náà. Mo ní etí, mo ní ìwé, mo ní bírò, orúkọ náà sì wà lẹ́nu mi.

Lọ́dún tó kọjá, ọmọ ọmọ mi ní kí n kọ orin àtijọ́ kan fún òun. Mo kọ èyí, ó gbà á sínú fóònù rẹ̀. Ó ní, "Màmá, ta ló ni ín?" Mo ní Ìyá Elépo ni, kó kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ní orúkọ ọmọ rẹ̀ ńkọ́, kí òun lè pè é ní ìyá ọmọ rẹ̀ bó ṣe yẹ. Ọmọ ọba Gíríìkì tí mi ò bá tan, bí ẹ bá jí mi lójú oorun, n ó pè é fún yín láìṣì. Èyí tí ìyá rẹ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé mi sọ̀ sínú ẹkù, mi ò lè bá a pè é wálé.